Ogun Tí Ń Bẹ Lábẹ́ Ìyẹ́ Adìẹ

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní Lọ́kọ́jà, tí eruku sì bo Òkè Pàtí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ kò fi lè rí orí òkè náà mọ́, ìgbà náà ni ọkàn àwọn tí ń sin adìẹ ní àdúgbò Gadumo kì í balẹ̀. Adìẹ tí ó jẹ àgbàdo yó lánàá lè jí lónìí kí ó kọ oúnjẹ, kí ó wó apá méjèèjì sílẹ̀, kí ìgbẹ́ rẹ̀ máa ṣàn bí omi, kí ó sì ní àwọ̀ ewé, kí ọrùn rẹ̀ lọ́ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kọjú sókè. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, agbo adìẹ tí ó kún ẹ̀yìnkùlé ti di ohun tí a ń gbẹ́ ilẹ̀ sin. Lúkúlúkú ni àwọn baba wa ń pe àrùn náà. Newcastle ni àwọn dókítà ẹranko ń pè é, nítorí ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti jà ní ọdún 1926, ọdún kan náà tí ó jà ní erékùṣù Java lọ́hùn-ún. Ní Nàìjíríà tiwa, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ẹranko ti kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1952, láti ìgbà náà wá ni kò sì tíì fi ilẹ̀ wa sílẹ̀.

Àwọn tí ó kú ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ wọn. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa èyí tí kò kú. Lẹ́yìn tí lúkúlúkú bá ti gbá ẹ̀yìnkùlé mọ́, a máa ń rí àgbébọ̀ kan tàbí àkùkọ kan nígbà mìíràn tí ó ṣàìsàn bí àwọn yòókù, tí ó ká gúlútú sí abẹ́ igi láìjẹ láìmu, tí ó sì tún dìde, tí ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀ yọyọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan ilẹ̀. Àwọn aládùúgbò a ní orí rẹ̀ ni ó gbè é. Bẹ́ẹ̀ ni, orí gbe adìẹ náà. Ṣùgbọ́n orí ọ̀hún ní ibi tí ó fi ṣe ibùgbé nínú ara rẹ̀, ó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ irú ogun tí ẹ̀dá kékeré yìí ń jà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ kò tún ní fi ojú yẹpẹrẹ wo adìẹ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri ẹnu ọ̀nà wa mọ́.

Fáírọ́ọ̀sì, bí èyí tí ń fa lúkúlúkú, kò lè bí sí i níta gbangba. Àfi kí ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí ó fi ipá gba àwọn ohun èlò tí ó bá níbẹ̀, kí ó sì máa fi wọ́n ṣe irú ara rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ kò rí i, nítorí pé wọn kò ní ojú tí ó lè wo inú ilé onílé. Ẹlẹ́dàá sì ti ṣe ètò sí èyí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara a máa gé lára àwọn purotéènì tí ń bẹ nínú wọn sí wẹ́wẹ́, ti onílé àti ti àlejò, wọn a sì máa gbé àjákù wọn jáde sí ara wọn lóde, gẹ́gẹ́ bí ìyálójà ti ń pàtẹ sí ojúde kí ẹni tí ń kọjá lè mọ ohun tí ń bẹ nínú ilé láìjẹ́ pé ó wọlé. Purotéènì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gbé àjákù wọ̀nyí dání lọ. Òun ni èmi yóò máa pè ní àtẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ọmọ-ogun tí a mọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì T a máa yẹ àtẹ wò láti ara sẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì. Bí ó bá jẹ́ ti onílé ni gbogbo ohun tí ó bá níbẹ̀, a kọjá lọ. Bí ó bá sì rí ẹyọ àjákù fáírọ́ọ̀sì kan, a pa sẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú gbogbo ohun tí ń gbé inú rẹ̀.

Oríṣi àtẹ méjì ni ó wà. Èkíní wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ń bẹ nínú ara, ohun tí a ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ni ó sì ń fi hàn. Àwọn jíìnì tí adìẹ ń fi ṣe é ni a ń pè ní BF. Èkejì kò wà káàkiri bẹ́ẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ọ̀tá mì, tí èmi yóò máa pè ní agbémì, àti àwọn díẹ̀ mìíràn tí iṣẹ́ wọn jọ tiwọn, ni ó ni ín, ohun tí wọ́n bá gbé mì láti òde ni wọ́n sì fi ń hàn, kì í ṣe fún àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí ń pa sẹ́ẹ̀lì ṣùgbọ́n fún àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí ń pàṣẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ ogun. BLB ni orúkọ àwọn jíìnì tí ń ṣe èyí. Ní ìgbà àlàáfíà, ara kì í pàtẹ púpọ̀, nítorí pé ogun tí a gbé dìde láìnídìí, ara ẹni ni yóò fi jẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ti wọlé, àwọn èròjà kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì kan ń tú jáde kí èkejì lè mọ̀ pé ọ̀tá ti dé, kí ó sì jí àwọn jíìnì àtẹ rẹ̀ sí iṣẹ́.

Inú ẹyin adìẹ gan-an ni a ti kọ́kọ́ rí oníṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí gbogbo ilé tí ó ní àgbébọ̀ mọ ìtàn náà. Ní ọdún 1957, Alick Isaacs, ọmọ ilẹ̀ Scotland, àti Jean Lindenmann, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ilé ìwádìí ìṣègùn ti Mill Hill ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n mú ẹyin tí ọmọ ti ń sọ nínú rẹ̀, wọ́n ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ sábẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò, wọ́n gé awọ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó o sínú ìgò tí omi wà, wọ́n sì da fáírọ́ọ̀sì influenza sí i, èyí tí wọ́n ti fi ooru pa tẹ́lẹ̀ kí ó má baà lè bí sí i mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n da omi tí ó wà lára awọ náà sára awọ mìíràn tí kò tíì fojú kan fáírọ́ọ̀sì rí, wọ́n sì wá fi fáírọ́ọ̀sì tí ó wà láàyè dán an wò. Fáírọ́ọ̀sì náà kò rí ilẹ̀ jókòó sí. Awọ àkọ́kọ́ ti tú nǹkan kan sínú omi, nǹkan náà sì ti kìlọ̀ fún awọ kejì kí ọ̀tá tó dé. Interferon ni wọ́n sọ nǹkan yìí, orúkọ náà ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní, àwọn dókítà sì ti fi ń tọ́jú àrùn ẹ̀dọ̀ ènìyàn láti ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo bá ń rántí pé láti ara ọmọ adìẹ tí a kò tíì pa jáde nínú ẹyin ni ìmọ̀ tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn là yìí ti jáde, ẹ̀rù iṣẹ́ Olódùmarè a máa bà mí.

Interferon kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí a ń pè ní alpha àti èyí tí a ń pè ní beta, sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì kọlù ni ó sáà máa ń tú wọn jáde fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n gamma, àwọn ọmọ-ogun fúnra wọn ni ó ń rán an, òun sì ni ó lágbára jùlọ lórí ọ̀rọ̀ àtẹ. Ní ọdún 1995 ni Digby àti Lowenthal, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kéde pé ọwọ́ ti tẹ jíìnì tí adìẹ ń fi ṣe gamma tirẹ̀, láti ìgbà náà ni ó sì ti ṣeé ṣe láti ṣe é ní ọ̀pọ̀ yanturu, kí a sì dà á sára sẹ́ẹ̀lì adìẹ kí a wo ohun tí yóò ṣe. Ìran agbémì adìẹ kan wà tí a ń pè ní HD11, tí kì í kú tán, tí ó ń bí sí i nínú àwo ní ilé ìwádìí káàkiri ayé, tí a sì ń fi ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Bí a bá ta gamma díẹ̀ sí agbémì adìẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín nitric oxide tí ń pa kòkòrò, àtẹ kejì tí kò pọ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ a sì wá pọ̀ sí i gidigidi.

Báwo ni ẹyọ oníṣẹ́ kan tí kò wọ inú ilé ṣe ń jí jíìnì tí ó wà nínú ìyẹ̀wù? Gamma a dúró ní ara sẹ́ẹ̀lì lóde, ní ojú ibi tí a ti ṣe sílẹ̀ dè é, ibẹ̀ ni a sì gbé ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn purotéènì méjì tí wọ́n fara ti ibẹ̀ láti inú, tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ JAK, a jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọn a sì fi èròjà fọ́sífétì sàmì sí ara purotéènì mìíràn tí ń jẹ́ STAT1. STAT1 tí a ti sàmì sí a so mọ́ èkejì rẹ̀, méjèèjì a wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì lọ bá àwọn jíìnì níbi tí wọ́n wà, wọn a sì jí ọ̀gá mìíràn tí ń jẹ́ IRF1. Lọ́dọ̀ ènìyàn àti èkúté, tí a ti yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò jùlọ, STAT1 àti IRF1 yìí ni ó ń gbé CIITA dìde. Ọ̀rọ̀ CIITA máa ń yà mí lẹ́nu. Kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan jíìnì kankan. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń pe gbogbo àwọn tí yóò ka jíìnì àtẹ kejì jọ sí ojú kan, bí kò bá sì sí níbẹ̀, àwọn yòókù kò lè ṣe ohunkóhun. Ìbátan rẹ̀ tí ń jẹ́ NLRC5 ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àtẹ kìíní.

Oníṣẹ́ tí ń pàṣẹ ìdákẹ́ náà wà. Èyí tí a ń pè ní IL-10, tí a rí jíìnì rẹ̀ lára adìẹ ní ọdún 2004, a máa dín gamma tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọlọ́ adìẹ ń tú jáde kù, kí ogun lè rọlẹ̀ nígbà tí ó bá tó.

Ọ̀tá pẹ̀lú mọ gbogbo ètò wọ̀nyí, ó mọ̀ ọ́n ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì sì ni láti máa wá ibi tí ògiri yóò ti lanu. Fáírọ́ọ̀sì lúkúlúkú ní purotéènì kan tí a ń pè ní V, tí ó máa ń fa STAT1 lé ọwọ́ àwọn tí ń ba purotéènì jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, kí iṣẹ́ tí interferon rán má baà dé ibi tí ó ń lọ. Ti àrùn Marek tún burú ju bẹ́ẹ̀. Àrùn yìí, tí József Marek ti ilẹ̀ Hungary kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní ọdún 1907, a máa rọ adìẹ lẹ́sẹ̀ títí yóò fi na ẹsẹ̀ kan síwájú, tí yóò sì na èkejì sẹ́yìn, a sì máa gbé kókó jẹjẹrẹ sí i ní ẹ̀dọ̀ àti ọlọ́. Ọgbọ́n tí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń dá ni pé ó ń mú àtẹ kìíní kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tí ó bá wọ̀, kí ọmọ-ogun lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà kí ó má rí nǹkan kan. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani.

Ibi tí ọ̀rọ̀ adìẹ ti yàtọ̀ sí ti ènìyàn nìyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró pẹ́ sí. Àwọn jíìnì àtẹ ti ènìyàn àti àwọn ẹbí wọn pọ̀ ju igba lọ, wọ́n sì tẹ́ rẹrẹ lórí bíi mílíọ̀nù mẹ́rin lẹ́tà nínú ìwé tí ara wa jogún. Kò sí ẹni tí kò ní oríṣi àtẹ kìíní bíi mélòó kan, tí ó jẹ́ pé ohun tí ọ̀kan kò bá lè gbé, òmíràn lè gbé e. Ní ọdún 1999 Jim Kaufman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ti adìẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì rí i pé jíìnì 19 péré ni ó wà níbẹ̀, tí wọ́n há ara wọn mọ́ inú ẹgbẹ̀rún 92 lẹ́tà, kò sí àyè tí ó ṣófo. Nínú jíìnì BF méjì tí adìẹ ní, ọ̀kan ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn jíìnì TAP, tí ń gbé àjákù wá sí ibi tí a ti ń tò ó sórí àtẹ, kò sì jìnnà sí BF bí ti ènìyàn. Àárín wọn gan-an ni wọ́n wà, ọmọ adìẹ a sì máa jogún wọn pọ̀ láìyà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ń sin adìẹ tóbi. Bí adìẹ bá jogún àtẹ tí ó lè gbé àjákù fáírọ́ọ̀sì kan dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ó yè; bí àtẹ ẹyọ kan ṣoṣo tí ó gbẹ́kẹ̀ lé kò bá gba àjákù náà dúró, gamma lè pariwo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, jíìnì lè jí, àtẹ lè pọ̀ bí iyanrìn, kò ní sí ohun tí a ó rí lórí rẹ̀. Àbá lásán kọ́ ni èyí. Ní ọdún 1977 Briles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Amẹ́ríkà pé adìẹ tí ó bá jogún irú ìdìpọ̀ jíìnì tí a ń pè ní B21 a máa dúró gbọnyingbọnyin níwájú Marek, nígbà tí àwọn tí ó jogún irú mìíràn, tí wọ́n jọ ń jẹ oúnjẹ kan náà nínú ilé kan náà, ń ṣubú. Ènìyàn kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó ní in. Àwọ̀ ìyẹ́ kò sọ ọ́, ìtóbi kò sọ ọ́.

Àwọn pẹ́pẹ́yẹ tún fi kún ìmọ̀ yìí, nítorí pé ní ọdún 2010 àwọn olùwádìí rí i pé purotéènì kan tí ń jẹ́ RIG-I, tí ń tètè gbọ́ òórùn fáírọ́ọ̀sì influenza nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó sì ń pe interferon jáde, wà lára pẹ́pẹ́yẹ, kò sì sí lára adìẹ. Ìdí kan nìyẹn tí pẹ́pẹ́yẹ fi lè gbé àrùn náà kiri láìsí pé ó ṣàìsàn, tí adìẹ sì ń kú sí i. Nígbà tí wọ́n fìdí àrùn influenza ẹyẹ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, H5N1, múlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní oṣù kejì ọdún 2006, oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni. Ọ̀nà tí ó ti àríwá sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù, tí àwọn ọkọ̀ tí ó kó àgò adìẹ ń tọ̀, Lọ́kọ́jà ni ó sì gbà kọjá. Ìlú tí ó wà ní ìpàdé omi méjì, tí ó tún wà ní ìpàdé ọ̀nà, tí Ọ̀wọ́rọ̀, Ọ̀kun, Nupe, Ìgalà, Ẹ̀bìrà àti Haúsá jọ ń ná ọjà rẹ̀, kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àrùn. Ààbò tí ń bẹ nínú ara adìẹ ni ó kù fún un.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ àjẹsára kò ṣe gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a ń fi ọwọ́ yọ̀bọ́kẹ́ mú. Lasota tí a ń pò mọ́ omi mímu, àti èyí tí a ń kán sí ojú òròmọdìẹ, fáírọ́ọ̀sì lúkúlúkú tí agbára rẹ̀ kò tó pa adìẹ ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wọlé, kí interferon jáde, kí agbémì pàtẹ àjákù wọn, kí àwọn ọmọ-ogun sì dá ojú ọ̀tá mọ̀ kí ọ̀tá gidi tó dé. Ní Vom lórí òkè Jos, níbi tí iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1924, ni wọ́n ti ń ṣe é fún ilẹ̀ wa. Fáírọ́ọ̀sì inú ìgò náà gbọ́dọ̀ wà láàyè kí ó tó lè ṣe nǹkan. Mo ti rí ibi tí a ti gbé e dúró sínú oòrùn Lọ́kọ́jà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí yìnyín inú kúlà ti di omi gbígbóná, tí a sì wá kán an sí ojú adìẹ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé a ti ṣe ohun tí ó yẹ. Omi lásán ni a kán. Irú kan tí a ń pè ní I-2 wà tí ó lè fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, ti adìẹ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n dìídì ṣe é fún, òun ni ó sì yẹ kí ó kún ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko ní ìgbèríko wa.

Kí a tó fún adìẹ ní àjẹsára, kí a rí i pé ara rẹ̀ wà ní pípé. Ní ọdún 1956, Bruce Glick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio rí i pé adìẹ tí wọ́n ti yọ àpò kékeré tí ń bẹ lókè ihò ìdí rẹ̀, èyí tí a ń pè ní bursa, kò lè ṣe èròjà agbógunti àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àpò yẹn ni àrùn Gumboro, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware ní ọdún 1962, ń bà jẹ́ lára òròmọdìẹ. Òròmọdìẹ tí Gumboro ti kọjá lára rẹ̀, a lè fún un ní Lasota lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó má jẹ́ ẹ.

Àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí Odùduwà gbé sọ̀kalẹ̀ láti fi tan ilẹ̀ ayé ká ní Ilé-Ifẹ̀ kò wá láti inú àgò àwọn oníṣòwò òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni adìẹ ìbílẹ̀ Gadumo kò jẹ́ ìran kan ṣoṣo. Adìẹ agric tí a ń rà ní ọmọ ọjọ́ kan, ìran tí a ti ṣà tí a sì ti ṣà láti mú ẹran tàbí ẹyin púpọ̀ jáde ni, a sì mọ ìṣòro tí ó wà nínú kí ẹgbẹ̀rún adìẹ jọ ní àtẹ kan náà: ọ̀tá tí ó bá mọ ọ̀nà àbáwọlé ọ̀kan ti mọ ti gbogbo wọn. Adìẹ ẹ̀yìnkùlé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni lúkúlúkú ti ń ṣà á láìsí àjẹsára. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí wọ́n yẹ ibi tí àwọn jíìnì àtẹ wà lára adìẹ ìbílẹ̀ wọn wò, oríṣiríṣi tí wọ́n bá níbẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń pè ní FUNAAB ti fi ẹ̀jẹ̀ adìẹ ìbílẹ̀ wa tọ́ ìran tí wọ́n pè ní FUNAAB Alpha dàgbà, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2018, èyí tí ó fi hàn pé iṣẹ́ náà kò ju agbára wa lọ.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tí ń bẹ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà ní ọdún 2011 ni kí wọ́n jáde sí Gadumo, sí Adankolo àti Felele, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá kọjá. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ó ni adìẹ pé èwo ni ó ṣàìsàn tí kò kú. Kí wọ́n tu ìyẹ́ kan tàbí méjì lára rẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lábẹ́ apá rẹ̀, kí wọ́n sì lọ ka àwọn jíìnì BF àti BLB tí ó wà lórí kúrómósómù kẹrìndínlógún rẹ̀. Kí wọ́n sì bá olówó adìẹ náà dúnàádúrà, nítorí pé irú àgbébọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń tètè tà tàbí pa fún ọdún Kérésìmesì tí ń bọ̀, nígbà tí kò tíì yé ẹyin kan lórí agbára tí ó fi yè.